Bí ẹ ṣe lè tọ́jú ọmọ kékeré tó ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru nílé

Ọmọ tó fi ẹ̀rín sùn lálẹ́ lè jí láàjìn, kó bì sórí ibùsùn, kó tún bì sára ẹni tó gbé e mọ́ra. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi lásán. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí òbí lọ́kàn ni pé kí òun wá oògùn tí yóò dá èébì yẹn dúró. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Omi àti iyọ̀ tó ń bá èébì àti ìgbẹ́ jáde kúrò lára ọmọ ni ewu rẹ̀ wà. Bí èyí tó ń wọlé bá ti lè tó èyí tó ń jáde, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lé àrùn náà lọ. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa dá omi padà fún un ní ṣíbí ṣíbí, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀ lójú méjèèjì.

Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa àìsàn yìí, norovirus àti rotavirus ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Èébì ló máa ń ṣíwájú, ó sì máa ń dẹwọ́ láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 5 sí 7 ni fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kí ìgbẹ́ àwọn mìíràn tó dì dáadáa. Ibà díẹ̀ àti inú rírun lè bá a rìn. Ó dáa kí ẹ ti mọ èyí ṣáájú, kí ìgbẹ́ omi ọjọ́ kẹrin má baà já yín láyà nígbà tí ọmọ ti ń ṣeré, tó sì ń mu omi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọmọ tí kì í ṣe ti ìtọ́jú ilé

Kí ẹ tó po ohunkóhun, ẹ bi ara yín bóyá ọmọ yìí jẹ́ ẹni tó yẹ kó wà nílé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 kò sí nínú wọn. Bó bá ń bì léraléra, tàbí tó ń yàgbẹ́ omi, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ òru. Èyí tó ti lé ní oṣù 3 àmọ́ tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀la. Bákan náà ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, ọmọ tó ti rù tẹ́lẹ̀, àti ọmọ tó ní àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ.

Ohun tó fà á tí a fi ń le tó bẹ́ẹ̀ ni pé ara ọmọdé kò ní omi tó lè fi ṣòfò. Ọmọ tó wọn kílò 10, tí ìdajì lítà omi bá jáde lára rẹ̀ láìsí ìrọ́pò, ti pàdánù ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìgbẹ́ omi bíi mẹ́ta mẹ́rin pẹ̀lú èébì díẹ̀ tó ìdajì lítà.

Ẹ tún wò ó bóyá àrùn inú lóòótọ́ ni. Èébì tó ń lọ láìsí ìgbẹ́ gbuuru kankan títí ọjọ́ kan fi pé, ó yẹ kí dókítà wò ó. Ọmọ tó fi orí ṣubú lánàá tó wá ń bì lónìí, ọgbẹ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ọmọ tó ń bì, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, síbẹ̀ tó ń tọ̀ púpọ̀púpọ̀, lè ní àtọ̀gbẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀; ọmọ tí omi ń tán lára rẹ̀ kì í tọ̀ púpọ̀.

Ẹ po ORS

ORS ni ìyẹ̀fun inú àpò pélébé tí wọ́n ń tà nílé oògùn, tí a ń pò mọ́ omi. Bó ti wù kó rọrùn tó, òun ni oògùn àrùn yìí. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún lítà omi 1 ni ṣúgà glucose gíráàmù 13.5, iyọ̀ ìsebẹ̀ gíráàmù 2.6, potassium chloride gíráàmù 1.5, àti sodium citrate gíráàmù 2.9. Ṣúgà inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nítorí adùn. Ògiri ìfun ní ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ pé ṣúgà àti iyọ̀ ní láti jọ gba ibẹ̀ wọlé pa pọ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Kódà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ti ba ìfun jẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn yìí ṣì ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kì í fi ṣiṣẹ́ tó ORS.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan ilé lásán nìyẹn, pé omi tí wọ́n ń fà sára nílé ìwòsàn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ rántí ọdún 1971. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá fún ogun Bangladesh wọ ìlú Bangaon ní Íńdíà. Omi ìfàsára tán lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n wá po omi, ṣúgà àti iyọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fi ife bù ú fún wọn. Iye àwọn tó ń kú, tó ti tó 30 nínú 100, já wá sí nǹkan bíi 4. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń di ife yẹn mú. Ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ni.

Pípò rẹ̀ gba ìṣọ́ra ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹ ka ara àpò náà: ọ̀kan wà fún lítà 1, òmíràn wà fún mílílítà 200, wọn kò sì jọra. Ẹ fi ohun ìwọ̀n wọn omi, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Kí omi náà mọ́. Bí ẹ kò bá fọkàn tán an, ẹ sè é kó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó da ìyẹ̀fun sí i. Ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pín in sí ìlàjì. Ẹ má fi ṣúgà kún un, ẹ má fi omi èso lú u, ẹ má sì tún un sè lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tó tutù. Bí wákàtí 24 bá ti pé, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ po òmíràn.

Bó bá jẹ́ òru ni, tí kò sí ORS nítòsí, ẹ lè po ti ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́: omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí kékeré ìpotíì 6 ṣúgà, àti ìdajì ṣíbí kékeré yẹn iyọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ, kó má ga. Bí ọwọ́ bá máa ṣì, kó má jẹ́ síbi iyọ̀, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè fa gìrì. Èyí kò ní gbogbo ohun tí ORS ní, nítorí náà bí àwọn oníṣòwò bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹ lọ ra ORS.

Kóòkì àti àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò yòókù kò dára fún un, omi èso inú páálí náà kò sì dára. Ṣúgà inú wọn pọ̀ débi pé ńṣe ló ń fa omi láti ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì tún pọ̀ sí i. Àṣà ká ṣí igò kóòkì kó gbé fóòmù rẹ̀ jáde kí a tó fún ọmọ kò yí ìyẹn padà. Afẹ́fẹ́ ló jáde, ṣúgà ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fún un

Apá yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ jù. Lẹ́yìn tí ọmọ bá bì, ẹ má fún un ní ohunkóhun fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ pa aṣọ rẹ̀ dà, ẹ gbé e jókòó kí orí rẹ̀ ga díẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú 10 bá pé, ẹ fún un ní ṣíbí kékeré kan, tó jẹ́ mílílítà 5. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ fún un ní ìkejì. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Yóò dà bí ẹni pé ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: mílílítà 5 ní ìṣẹ́jú méjì-méjì jẹ́ 150 láàárín wákàtí kan, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan-kan ni, 300 ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ife kan tí ọmọ gbé mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń padà wá sórí aṣọ yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí pé inú tó ti ń bínú kò lè gba nǹkan púpọ̀ pọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á fẹ́ já ife gbà lọ́wọ́ yín. Yóò sunkún, yóò na ọwọ́, àánú rẹ̀ á sì ṣe yín. Ẹ má gbà fún un ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ gbé ife kúrò níwájú rẹ̀, kó jẹ́ ṣíbí nìkan ni yóò máa rí. Bí ẹni méjì bá wà nílé, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tó ti rẹ̀ ló máa ń yára gbé ife fún ọmọ.

Fún ọmọ ọwọ́ tí kì í gba ṣíbí, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ dára púpọ̀. Ẹ ti ẹnu síríńjì náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ọ̀fun, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè gbé e mì. Fún ọmọ ọdún 2 sókè, ẹ lè jẹ́ kó máa fi ife kékeré mu ún ní ẹnu kan, ẹnu kan. ORS tó tutù rọrùn láti mu ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Bí ọmọ bá kọ̀ ọ́ nítorí iyọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sínú yìnyín kó dì, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó máa lá a. Ọmọ tó gbójú tó láti jiyàn lè gbà bí ẹ bá jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa di síríńjì mú.

Bó bá tún bì ńkọ́? Ẹ má bọkàn jẹ́, ẹ má sì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó mu ló bì jáde. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 mìíràn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó lọ́ra jù ti tẹ́lẹ̀: ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Bí wákàtí kan bá kọjá láìsí èébì, ẹ fi díẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹ máa fojú sọ́nà fún ni ìgbẹ́. Lẹ́yìn ìgbẹ́ omi kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nílò mílílítà 50 sí 100 ORS. Ọmọ ọdún 2 sí 10 nílò 100 sí 200. Èyí jẹ́ àfikún sí ohun tó ń mu tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tó ń mu ọmú, ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ẹ fún un lọ́pọ̀ ìgbà, kó má pẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ORS sáàárín. Ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo, ẹ pò ó bí ẹ ṣe ń pò ó. Àwọn kan máa ń fi omi là á nítorí pé inú ọmọ ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dín oúnjẹ ọmọ tí ebi ti ń pa kù.

Ẹ ṣọ́ ìtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Mo máa ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n fi ìwé kan lẹ̀ mọ́ ara ògiri tàbí ẹnu ọ̀nà fìríìjì, kí wọ́n kọ aago, ohun tó wọlé, àti ohun tó jáde: èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀. Ní aago mẹ́ta òru, ojú tó ń tòògbé kò lè rántí ìgbà tí ọmọ tọ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Ọmọ ọwọ́ tí ìlédìí rẹ̀ kò tutù fún wákàtí 6, tàbí ọmọ tó ti ń rìn tí kò tọ̀ fún wákàtí 8, omi ti ń tán lára rẹ̀. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: bí ìgbẹ́ bá jẹ́ omi, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìtọ̀ wà nínú ìlédìí. Ẹ tẹ́ òwú tàbí ìnujú bébà sí iwájú ìlédìí, níbi tí ìtọ̀ ti máa ń bọ́ sí, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ̀ tó mọ́ tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú dára. Ìtọ̀ tó ṣú, tó ń rùn gan-an, tó sì kéré, ẹ fi kún ORS.

Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ìka tó mọ́ kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: ó yẹ kó máa yọ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti ń gbẹ. Ẹ wò ó bóyá omijé ń jáde nígbà tó bá ń sunkún, bóyá ojú rẹ̀ jìn wọnú, àti bóyá àwùjẹ̀ orí ọmọ ọwọ́ ti rì wọlé. Ẹ rọra fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo sókè, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ara tó lómi yóò padà sípò lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń lọ́ra, omi ti kù díẹ̀ káàtó. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó padà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tilé.

Ìrísí ọmọ ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ tó ń kanra, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, ṣì ní agbára. Ọmọ tó dákẹ́ jù, tí kò lè gbé orí dúró, tí ẹ gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀ tí kò bìkítà, òun ni kó já yín láyà.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn láìdúró bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ó ń sùn ṣáá, ó ṣòro láti jí, tàbí gìrì mú un;
- kò lè mu nǹkan kan, tàbí gbogbo ohun tó ń mu ló ń bì láìka ṣíbí àti sùúrù sí;
- kò tọ̀ rárá fún iye wákàtí tí a kà sókè yìí, tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tó ń mí gùlegùle;
- ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí èébì ní ẹ̀jẹ̀, tàbí èébì jẹ́ aláwọ̀ ewé;
- inú ń run ún kíkankíkan, ikùn rẹ̀ le, tàbí ó máa ń sunkún kíkan tó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, tí yóò dákẹ́, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀;
- ọrùn rẹ̀ le, ìmọ́lẹ̀ ń dà á láàmú, tàbí àmì pupa yọ lára rẹ̀ tí kò parẹ́ bí ẹ bá fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́;
- ọmọ tó wà láàárín oṣù 3 sí 6 tí ara rẹ̀ gbóná dé 39°C.

Èébì tó lé ní ọjọ́ 2, tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó lé ní ọjọ́ 7, náà gba kí dókítà wò ó, bí kò tilẹ̀ sí ìkankan nínú àwọn àmì yìí. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé ORS dání, kí ẹ máa fún un lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ

Fífi ebi pa ọmọ kí inú rẹ̀ lè sinmi jẹ́ àṣà àtijọ́ tí kò ṣe é lóore. Ìfun ń fi oúnjẹ tún ara rẹ̀ ṣe. Bí èébì bá ti dẹwọ́, tó sì ti mu ORS fún bíi wákàtí 4, ẹ gbé oúnjẹ tó máa ń jẹ tẹ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nígbà bíi mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ má fi ipá tì í. Ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì dára, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ àwọn nìkan fún ọjọ́ mélòó kan, torí pé ọ̀rá àti èròjà tó ń mú ara dàgbà kéré nínú wọn. Ẹyin, ẹran rírọ̀ àti ẹ̀wà tí a sè dáadáa kò léèwọ̀. Ohun tó dùn jù àti ohun tí epo rẹ̀ pọ̀ jù ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí inú yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá yá tán, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan sí i lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 á bá a dá ẹran tó ti jò padà.

Síńkì tún wà. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru máa lo mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lo 10. Ibi tí oúnjẹ kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣara lóore ló ti wúlò jù. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn bóyá ọmọ yín nílò rẹ̀, kí ẹ má sì dá a dúró ní ìdajì nítorí pé ìgbẹ́ ti dì.

Oògùn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un

Loperamide, tó ń dá ìgbẹ́ dúró fún àgbàlagbà, léwu fún ọmọ kékeré. Ó lè mú kí ìfun rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kó sì mú un sùn jù. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fúnra wọn. Aspirin kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́ nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wà lára. Ibuprofen máa ń ni kíndìnrín lára nígbà tí omi bá tán lára, ẹ yẹra fún un. Bí ibà bá ń dà á láàmú, pàrásítámọ̀ ni, ní ìwọ̀n kílò ọmọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára igò, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Oògùn tó ń dá èébì dúró wà, ṣùgbọ́n dókítà ló máa pinnu rẹ̀ lẹ́yìn tó bá wo ọmọ.

Ìdí ọmọ, ọwọ́ yín, àti ilé

Ìgbẹ́ omi ń bó ìdí ọmọ kíákíá. Ẹ pa ìlédìí dà bó bá ti yàgbẹ́, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ dípò kí ẹ máa fi ìnudí olóòórùn dídùn nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi vaseline tàbí ìpara oní-zinc oxide bò ó nípọn.

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni fún ọwọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn ìlédìí kọ̀ọ̀kan àti ṣáájú oúnjẹ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpawọ́ ọlọ́tí; kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín ló ń ran ẹlòmíràn, ó sì sábà máa ń yọ jáde lára ẹni tó kó o láàárín wákàtí 12 sí 48. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú ọmọ bó bá ṣeé ṣe, kí onítọ̀hún má sì dáná fún ilé.

Níbi tí ọmọ bá bì sí, ẹ fi bébà kó o kúrò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ tó fi bílíìṣì nù ún. Bí bílíìṣì bá jẹ́ ti ìdá 5 nínú 100, mílílítà 20 sínú lítà omi 1 ni ó kéré jù. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó nù ún. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ ohun ìfọlẹ̀ mìíràn, torí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ni lára. Aṣọ tó ti bàjẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nínú omi gbígbóná 60°C bí aṣọ náà bá lè gbà á, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n ṣáájú.

Ìgbà tó lè padà sáàárín ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀

Wákàtí 48 lẹ́yìn èébì tàbí ìgbẹ́ omi tó kẹ́yìn ni, ní iléèwé tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ. Ẹ má kà á láti ìgbà tí ara rẹ̀ yá. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣeré ní ọ̀sán tí wọ́n á sì tún yàgbẹ́ omi lálẹ́. Ní ti odò ìwẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, ọ̀sẹ̀ 2 ni kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí fáírọ́ọ̀sì ṣì máa ń wà nínú ìgbẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dì.

Bí ọmọ tuntun bá wà nínú ilé tàbí tí ẹ ń retí òmíràn, ẹ béèrè nípa àjẹsára rotavirus. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í sì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 15. Kì í dí norovirus lọ́wọ́, nítorí náà ẹ ṣì fi ORS méjì mẹ́ta sílé, síbi tí ọwọ́ yín lè tètè dé lóru.